Ohun Tí A Rà, Tí Kò Di Tiwa

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ilé-ẹjọ́ òkè òkun ti ń wá ààlà láàárín ohun ẹni àti ohun àyálò. Díẹ̀díẹ̀ ni ààlà náà sì ń sún wọ oko ẹni tí ó sanwó.

Ní ọdún 1904, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Bobbs-Merrill ní Amẹ́ríkà gbé ìwé ìtàn kan jáde, The Castaway. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní iye tí ó dín sí dọ́là 1. Ilé ìtajà Macy's ní New York tà á ní sẹ́ǹtì 89. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ ní ọdún 1908, àwọn adájọ́ ní bí òǹtẹ̀wé bá ti ta ẹ̀dà ìwé kan, kò ní àṣẹ mọ́ lórí iye tí ẹlòmíràn yóò tún un tà. Ní ọdún 1909, ìlànà yìí wọ inú òfin. Ẹni tí ó ra ìwé lè tà á, ó lè yá ọ̀rẹ́, ó sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn oníṣòwò yí ọ̀rọ̀ padà: wọ́n ní àwọn kò ta ọjà, àṣẹ ìlò ni àwọn fúnni. Ní oṣù Keje ọdún 1009 + 1000, èyí tí í ṣe 2009, Amazon pa ìwé George Orwell méjì rẹ́, 1984 àti Animal Farm, lórí ẹ̀rọ Kindle àwọn tí ó ti sanwó wọn, nítorí pé ẹni tí ó fi wọ́n síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Wọ́n dá owó padà, Jeff Bezos sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀wé àtijọ́ tí ó lè wọ ilé oníbàárà lọ mú ìwé lórí pẹpẹ.

Ní Yúróòpù, Ilé-Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan dájọ́ ní ọdún 2012 pé ẹni tí ó ra ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àṣẹ tí kò ní òpin lè tún un tà. Ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kan náà kọ̀ láti fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún ìwé orí ẹ̀rọ, nítorí pé kì í gbó bí ìwé bébà, àlòkù rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tuntun.

Òfin California tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, gba ọ̀nà mìíràn. Òǹtajà kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà “rà” fún fíìmù, orin, ìwé tàbí eré orí ẹ̀rọ tí ó lè gbà padà, àyàfi bí ó bá sọ gbangba pé àṣẹ ìlò lásán ni.

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n kò dá ohun-ìní padà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn adájọ́ 1908 dáàbò bo ohun tí òǹrajà ní. Òfin òde òní kàn ń sọ fún un pé kò ní in. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi àpótí ìwé sílẹ̀ fún jogún ìwé. Kí ni ọmọ ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ yóò jogún? Ìbéèrè tí ó ṣì wà níwájú àwọn aṣòfin nìyẹn.