Ajá Tí Ẹran Di Májèlé Fún

Bí ajá kékeré bá jẹun tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró nílẹ̀ mọ́, bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, ẹ má sáré sọ pé ọ̀tá ni ó fún un ní májèlé jẹ. Ìlú St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ènìyàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ìfun bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gbà. Bí oníbodè ni ẹ̀dọ̀ rí: a yẹ ẹrù wò, a sì gba ohun búburú sílẹ̀. Ní 1877, dókítà Nikolai Eck la ọ̀nà àbùjá sára ajá mẹ́jọ, tí ẹ̀jẹ̀ ìfun fi ń kọjá láì dé ẹ̀dọ̀. Méje kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkẹjọ gbé oṣù méjì ààbọ̀, ó sì sá lọ! Eck ní ọ̀nà náà kò léwu. Lójú tèmi, ẹ̀rí ajá kan tí ó sá lọ kéré jù.

Pavlov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1893. Bí àwọn ajá wọ̀nyí bá jẹ ẹran, inú a máa bí wọn, ojú wọn a fọ́, gìrì a sì mú wọn. Amóníà tí ó ń ti ara ẹran jáde nínú ìfun wà lára ohun tí ń dà wọ́n láàmú.

Ohun tí Eck fi ọ̀bẹ ṣe, a ń bí i mọ́ àwọn ajá mìíràn, pàápàá irú kéékèèké bí Yorkshire Terrier àti Maltese. Láti mọ̀ ọ́n, dókítà ẹran a gba ẹ̀jẹ̀ ajá kí ó tó jẹun, a sì tún gbà á ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Èròjà kan wà nínú òróòro tí ẹ̀dọ̀ máa ń kó padà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń gba àbùjá, tàbí pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Àmì ni o, kì í ṣe ìdájọ́: àwọn Maltese kan wà tí ara wọn le, tí èròjà yìí sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ikùn kí a tó mú ọ̀bẹ.

Bí a bá rí àbùjá náà, oníṣẹ́-abẹ lè fi òrùka kékeré sí i, tí yóò máa fún un pa díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dí i lójijì, ẹ̀jẹ̀ tí yóò ya wọ inú ẹ̀dọ̀ kékeré náà lè pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tí ń sin ajá tà, ọmọ ajá gan-an ni kí ó yẹ̀ wò kí ó tó tà á, nítorí ìyá àti bàbá tí ara wọn dá ṣáṣá lè bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí.