Àwòrán Ìrísí Ilẹ̀ Lásán
Àwòrán tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe ga sí hàn, lẹ́yìn tí a bá ti yọ igi àti ilé kúrò. Ẹ̀rọ lidar inú ọkọ̀ òfuurufú máa ń da ìtànṣán lésà sílẹ̀. Ewé ló ń dá púpọ̀ padà, ìwọ̀nba tó bá rí àlàfo ló ń dé ilẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ìtànṣán ti padà ń di àmì kan; kọ̀ǹpútà á wá ṣa àwọn àmì tó relẹ̀ jù. Ibi òkè gàǹgà ni iṣẹ́ ti máa ń dojú rú: kọ̀ǹpútà lè gé ṣóńṣó òkè dànù bí ẹni pé ilé ni. Ní Caracol, ìlú Maya àtijọ́ ní Belize, tí wọ́n fi lidar yà lọ́dún 2009, nínú nǹkan bí 20 àmì lórí mítà onígun mẹ́rin kan, èyí tó dé ilẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 1. Síbẹ̀, oko onípele tí igbó bò hàn kedere.