Ìkòkò Aró Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú igbó àti odò lóde òní, ọ̀pọ̀ wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Ìlú kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé àdéhùn lórí igbó àti odò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó. Òṣogbo ni mo ń wí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ àdéhùn náà wò: bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó fẹ́ bàjẹ́, àti ohun tó tún ń dà á láàmú báyìí.

Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pa ni pé ọ̀dá omi ló lé àwọn ènìyàn náà kúrò ní Ìpólé. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ ńlá, ló kọ́kọ́ rí odò. Láróòyè ni olórí wọn. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó láti kọ́lé sétí odò, igi kan wó lulẹ̀ gbì sínú omi. Ni ohùn kan bá ké láti ìsàlẹ̀ odò pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn. Kí wọ́n kúrò létí odò, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tó ga. Kí wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún un, kí wọ́n sì máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Òun náà yóò dáàbò bò wọ́n, yóò sì máa fún wọn lọ́mọ. Nígbà tí Láróòyè tẹ́wọ́, ẹja fò sí i lọ́wọ́, wọ́n ní ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti ṣẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lè pe èyí ní àlọ́. N ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kí ni wọ́n fọ́ mọ́ òrìṣà lọ́wọ́? Ìkòkò aró ni. Ohun èlò iṣẹ́ ni ìkòkò aró. Ìtàn náà ń sọ fún wa pé igbó àti odò kì í ṣe ilẹ̀ ṣófo. Ibi iṣẹ́ ẹnìkan ni, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ṣebí Òṣogbo gan-an ni à ń pè ní ìlú aró? Àwọn ìyá aláró a gún ewé èlú, wọ́n a sù ú, wọ́n a sá a gbẹ. Wọ́n a sẹ́ omi eérú, wọ́n a rẹ èlú sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ̀ ọ́ tí wọ́n fà á jáde, yóò kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró. Ewé, eérú, omi: kò sí èyí tí ọkọ̀ òkun gbé wá nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dọdẹ, pẹja tàbí gégi nínú igbó Ọ̀ṣun, lójú tèmi, orísun oúnjẹ wọn ni wọ́n ń ṣọ́.

Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1950 sí 1960, èèwọ̀ náà ti ń dẹ̀. Ojúbọ ń wó, àwọn abọrẹ̀ ń kúrò, àwọn kan sì ń wọ igbó lọ dọdẹ, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gégi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé ẹ̀sìn tuntun ló fà á. Ó lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ mo rò pé nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀: àwọn ènìyàn ò rí àǹfààní tí igbó ń ṣe fún wọn mọ́. Ohun tí kò bá ṣeni láǹfààní mọ́, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?

Àsìkò yẹn ni Susanne Wenger dé ibẹ̀. Ọmọ Austria ni, wọ́n bí i ní ọdún 1915, ó sì dé Nàìjíríà ní 1950. Ó kọ́ ìmọ̀ òrìṣà lọ́dọ̀ Àjàgẹmọ ní Ẹdẹ, a sì mọ̀ ọ́n sí Àdùnní Olórìṣà títí tó fi kú ní Òṣogbo ní 2009. Àwọn ènìyàn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó kan ṣoṣo ló gba igbó là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló bá a ṣe é. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni, òun ló fi sìmẹ́ńtì mọ ère àti ọgbà. Kàsálí Àkàǹgbé gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló sọ èèwọ̀ di ohun tí ojú ń rí: ibi tí ère bá dúró sí, ta ni yóò gbé àáké wọ ibẹ̀? Igbó rí olùṣọ́, olùṣọ́ sì rí oúnjẹ àti òkìkí.

Òfin wá tẹ̀ lé wọn. Ní 1965 ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 òfin náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ní 2005 UNESCO fi í sára ogún gbogbo ayé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur ti 1999. Ọ̀kan ni lára àwọn igbó àgbà díẹ̀ tó kù ní gúúsù Nàìjíríà. Lóṣù Ògọ́ọ̀sì ọdọọdún, èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Bùràsíìlì àti Kúbà tí àwọn baba ńlá wọn gbé Ọ̀ṣun sọdá òkun nígbà òwò ẹrú. Onímọ́tò ń rí jẹ, olóúnjẹ ń rí jẹ, aládìrẹ ń rí jẹ. Ẹ ò rí i pé igi tó dúró pé ju igi tí a gé lọ?

Ṣùgbọ́n odò kì í ṣe igbó. A lè mọ ọgbà yí igi ká, a ò lè mọ ọ́n yí omi tó ń ṣàn ká. Ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀. Wúrà sì wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lọ́nà òkè lọ́hùn-ún, àwọn awakùsà ń wa ilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n a fọ yẹ̀pẹ̀ nínú odò kéékèèké, ẹrẹ̀ rẹ̀ a sì dà sínú odò ńlá. Mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà fi ń kó wúrà jọ, májèlé ni. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ wá pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Omi tí àwọn ènìyàn ń bù mu torí ọmọ! Omi ò lọ́tàá, à ń wí. Ó ti wá ní ọ̀tá báyìí.

Kí ni ṣíṣe? Kí ọlọ́pàá máa kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa wúrà nìkan ò tó. Àdéhùn Láróòyè ní apá méjì: ẹ fi igbó sílẹ̀ fún mi, èmi náà á tọ́jú yín. Ọ̀dọ́ tó ń wa ilẹ̀ lẹ́bàá Iléṣà, kí ni ìpín tirẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun? Kò sí. Kò jẹ níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ìwé àṣẹ àti ẹ̀kọ́, kí ó máa wa ilẹ̀ jìnnà sí omi, kí ó máa dí kòtò tó bá gbẹ́. Kí ìlú tó wà lókè odò náà rí nǹkan jẹ nínú owó tí odò ń pa nísàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe èyí fún tó sì tún da májèlé sómi, ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òṣogbo ti ṣọ́ bèbè odò tirẹ̀ láti ayébáyé. Ó kù kí gbogbo wa jọ ṣọ́ orísun.