Ìtàn Ọ̀gbìn Lẹ́túùsì Lórí Omi

Láti ìwáṣẹ̀ ni àgbẹ̀ ti gbà pé Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, ni ó ń bọ́ ohun gbogbo tí ó hù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1699, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, John Woodward, gbin míńtì sínú omi láti wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì rí i pé èyí tí ó wà nínú omi òjò kò dàgbà tó ti inú omi odò Thames, àti pé èyí tí a po erùpẹ̀ ọgbà mọ́ omi rẹ̀ ni ó borí gbogbo wọn. Nǹkan kan ń bẹ nínú erùpẹ̀ tí omi ń gbé fún gbòǹgbò jẹ. Julius Sachs àti Wilhelm Knop, ará Jámánì, ni wọ́n to àwọn èròjà náà jọ ní nǹkan bí 1860, náítírójìn, pọ̀tásíọ́ọ̀mù, kálísíọ́ọ̀mù àti ìyókù.

Inú ìgò ni ọgbọ́n yìí sùn sí títí di 1929, tí William Gericke ti Yunifásítì California gbé e jáde pẹ̀lú tòmátì tí ó ga débi pé àkàsọ̀ ni a fi ń ká a. Ariwo sọ, ṣùgbọ́n Hoagland àti Arnon, tí wọ́n wà ní Yunifásítì kan náà, kọ̀wé ní 1938 pé ọ̀gbìn inú omi kò so ju ti ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ, òtítọ́ tí ó yẹ kí àwọn tí ń polówó rẹ̀ lónìí máa rántí. Ibi tí ilẹ̀ ọlọ́ràá kò sí ni ó ti wúlò jù. Ní erékùṣù olókùúta Ascension, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ebè ní 1945, wọ́n sì rí lẹ́túùsì tútù jẹ: a gún iyán nínú ewé, a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Lẹ́túùsì, ìbátan ẹ̀fọ́ yánrin wa, ni ó wá di ọba ọ̀gbìn yìí, nítorí pé ó kúrú, ó yá, kò sì béèrè òpó. Ní àwọn ọdún 1970, Allen Cooper ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ kí omi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣàn lábẹ́ gbòǹgbò, nígbà tí Merle Jensen ní Arizona àti Franco Massantini ní Pisa gbé lẹ́túùsì lé pátákó fóòmù tí ó léfòó lórí adágún. Ọ̀nà adágún yìí ni Yunifásítì Cornell tẹ̀lé: lẹ́yìn ọjọ́ 11 tí hóró ti wà ní ìtọ́jú, a ó kó irúgbìn sínú ihò pátákó, gbòǹgbò funfun wọn yóò máa rọ̀ sínú omi, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ 35, orí kọ̀ọ̀kan yóò wọn tó gíráàmù 150.

Ìyára yìí náà ni ó bí àrùn rẹ̀. Ewé òde, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ń fa kálísíọ́ọ̀mù mọ́ omi. Ewé àárín tí ó ká jọ kò rí tirẹ̀ gbà tó, etí rẹ̀ a sì gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé fáànù kọ́ sókè kí ó lè máa fẹ́ sí àárín ewé, tí àwọn àgbẹ̀ ilé gíláàsì sì fi ń yan irú tí ewé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, pupa tàbí àwọ̀ ewé, àti irú olórí rírọ̀ tí kì í tètè jó. Irú olórí líle, tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó dì, orí ilẹ̀ ni ó ṣì pọ̀ sí, bíi ti àfonífojì Salinas ní California.