Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ìlú Èkó: Bí Ó Ṣe Pàdánù Ojú Ọ̀nà

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dúró sí Òṣòdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí. Èyí yẹ kó ya ni lẹ́nu, nítorí pé ilẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní òkè gíga bíi ti Èkìtì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ọ̀làjú ló mú kí àwọn ènìyàn pa kẹ̀kẹ́ tì. Èròńgbà iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà tí a là láìro ti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ ọn ló lé kẹ̀kẹ́ kúrò nígboro. Ohun tí a là lọ́nà kan, a lè tún un là lọ́nà mìíràn.

Orúkọ àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà 'kẹ̀kẹ́' ti wà lédè Yorùbá kí kẹ̀kẹ́ ológeere tó dé. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń ran òwú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bíbélì Yorùbá lò ó fún àgbá tí ń yí àti fún kẹ̀kẹ́ ogun. Nígbà tí ohun ìrìnnà tuntun dé, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún un. Láyé òde òní ẹ̀wẹ̀, bí ará Èkó bá ní òun fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo ẹ́ńjìnnì ló ní lọ́kàn, èyí tí a tún ń pè ní kẹ̀kẹ́ Márúwá nítorí Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun ní Èkó láàárín ọdún 1996 sí 1999. Ohun tó ni orúkọ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi 'ológeere' kún kí ó tó yé ni. Èdè tipa bẹ́ẹ̀ pa ìtàn mọ́ fún wa.

Kẹ̀kẹ́ ní Ayé Amúnisìn

Ọdún 1885 ni John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àgbá rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 1888, Dunlop gba ẹ̀tọ́ lórí táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kò pẹ́ tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fi dé etíkun wa. Raleigh láti ìlú Nottingham wá di orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Ní ayé amúnisìn, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Tìṣà, akọ̀wé ìjọba, katikíìsì, wolé-wolé àti àwọn tí ń ra kòkó lábúlé ló ń gùn ún. Bí agogo rẹ̀ bá dún, àwọn ọmọdé á sáré jáde. Nígbà tó yá, owó rẹ̀ wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti adẹ́mu. Ìjọba ìbílẹ̀ a máa gba owó ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ohun ìrìnnà gidi ni wọ́n kà á sí. Ọ̀pọ̀ àwa tí a dàgbà nígboro ṣì rántí kẹ̀kẹ́ àyágùn, tí a ń fi owó kékeré gùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lákòókò ọdún. Ogún ọmọdé kì í kúkú ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ibi eré náà pẹ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Epo Rọ̀bì Kan, Ọ̀nà Méjì

Ọdún 1973 ni ó yẹ kí òpìtàn dúró lé lórí. Ní ọdún náà, owó epo rọ̀bì fò sókè káàkiri àgbáyé. Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ìjọba ní kí ọkọ̀ má rìn ní ọjọ́ Àìkú, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá. Àwọn ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ jáde sí òpópónà tó ṣófo. Inú ti ń bí wọn tẹ́lẹ̀: ní 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó kú lójú ọ̀nà wọn, àwọn ọmọdé inú wọn sì lé ní 400. Ní 1972, àwọn òbí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Stop de Kindermoord, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ẹ dẹ́kun pípa ọmọdé. Wọ́n jókòó sójú títì títí ìjọba fi gbọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀.

Epo kan náà ló bu owó fún Nàìjíríà. Owó-oṣù tí ìgbìmọ̀ Údojì fi kún ti àwọn òṣìṣẹ́ ní 1974 sí 1975 mú kí ọ̀pọ̀ ra ọkọ̀ àti alùpùpù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gba Èkó kan. Ní 1977, ìjọba fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́ tí oníkálukú lè wa ọkọ̀ rẹ̀, àwọn olówó sì lọ ra ọkọ̀ kejì. A parí Afárá Èkó ní 1975. A ṣí Afárá Kẹta tó gùn tó kìlómítà 11.8 ní 1990, láìya ojú ọ̀nà kankan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀ràn kan náà ló bá ìlú méjèèjì, ìpinnu wọn ni kò dọ́gba.

Òfin àti Ààbò

A kò lè sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ṣùgbọ́n ìfòfindè nìkan kò la ọ̀nà fún ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ṣì fi fífún kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi ní ìwé-àṣẹ sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wà nínú ìwé, kò sí lójú títì.

Ohun tó ń pa ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò fara sin. Ọkọ̀ tó wúwo tó sì ń sáré ń bá a du ọ̀nà kan náà. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà ní ọ̀tún rẹ̀; bí ó bá sì yà fún kòtò, iwájú ọkọ̀ ni yóò bọ́ sí. Akoto ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ló kú lójú ọ̀nà ní 2021, tí ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti ọlọ́kadà sì lé ní ìdajì wọn. Àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ tó ń jáde ní Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jáde ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago méje kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bí a bá wẹ̀yìn, a ó rí i pé kẹ̀kẹ́ ti ní àyè láàárín wa rí, àti pé ìpinnu àwa ènìyàn ló gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba bo gọ́tà, kí ó dín eré ọkọ̀ kù nítòsí ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì ya ọ̀nà sọ́tọ̀ ní gbogbo títì tuntun. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ náà fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n má baà rò pé bí títì ṣe rí lónìí ni Ọlọ́run ṣe dá a.