Ìbéèrè Lójú Gbogbo Ayé: Bí Tẹlifísọ̀n Ṣe Mú Àwọn Ẹni Ńlá Dáhùn Ọ̀rọ̀

Ní ayé àwọn bàbá wa, tálákà kì í dédé la ẹnu bi ọba ní ìbéèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, a máa gba ọwọ́ baálé dé ọ̀dọ̀ ìjòyè, ìjòyè ni yóò sì gbé e dé ààfin. Ẹni tó jókòó sílé kò ní gbọ́ bí ọba ṣe dáhùn, àfi ohun tí wọ́n bá wá sọ fún un. Lóde òní, nǹkan ti yí padà. Mínísítà yóò jókòó sórí àga, akọ̀ròyìn yóò jókòó kọjú sí i, yóò bi í pé: "Owó tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá, kí ni ẹ fi ṣe?" Ẹni tó wà ní Sakété, ẹni tó wà ní Pobè, ẹni tó wà ní Kútọnu, gbogbo wọn yóò gbọ́ ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí à ń pè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí tẹlifísọ̀n nìyẹn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lágbègbè wa, ìjà tó bí i, àti ohun tí kò tíì pé nínú rẹ̀.

Ìjà tó bí tẹlifísọ̀n Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tẹlifísọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1953, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, Anthony Enahoro tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Action Group dá àbá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1956. Àwọn aṣáájú apá Àríwá kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà, gómìnà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi síbẹ̀, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì dá wọn lẹ́bi lójú gbogbo ènìyàn. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà bọ́ sórí rédíò kan náà, kí òun fèsì. Wọn kò gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Awólọ́wọ̀ púpọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń darí wá pinnu pé àwọn yóò ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifísọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àwọn aláwọ̀ dúdú. Obìnrin kan, Anike Agbaje-Williams, ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi sọ́kàn pé ẹni tí wọn kò jẹ́ kó fèsì ló lọ kọ́ ilé tí yóò ti máa sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí ìjọba bá kọ́, ìjọba tó bá wà lórí oyè ló máa ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ìbò bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, S. L. Akíntọ́lá ló ń ṣe olórí ìjọba níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó mú ìbọn lọ́wọ́ wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ó fipá yọ ọ̀rọ̀ tí Akíntọ́lá ti sọ sílẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n mú Wole Soyinka nítorí ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Níbi tí kò bá ti sí àyè láti bi olórí ní ìbéèrè wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìbọn ti ń wọlé.

Àwọn eléré náà ní ẹnu

Kì í ṣe olóṣèlú nìkan ni tẹlifísọ̀n ń pè. Ó ń pe àwọn eléré pẹ̀lú. Ní Èkó, láàárín ọdún 1970 sí 1980, Art Alade ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bar Beach Show, níbi tó ti ń gba àwọn olórin àti àwọn aláwàdà lálejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Moses Olaiya Adejumo, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, di ẹni àmúlé nípa tẹlifísọ̀n Ìbàdàn.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eléré jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán. Ní ọdún 1964, Hubert Ogunde ṣe eré kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá Ronú. Ìjọba Akíntọ́lá rí i pé àwọn ni eré náà ń bá wí, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní Ìwọ̀-Oòrùn mọ́. Ọdún 1966, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah ní ọdún 1960, kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1983. Nínú ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ti ṣe nílẹ̀ òkèèrè, ó ti sọ pé ìjọba ìgbà náà ń fẹ́ kí àwọn olórin máa kọrin yin ìjọba, òun kò sì fẹ́. Ó ní láti rìn jìnnà kó tó lè sọ ọ́ gbangba. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí wọ́n ń bi olórin fi lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn fún wa.

Ìgbà tí ohùn kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀

Ní ilẹ̀ Dàhòmì, rédíò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1953. Tẹlifísọ̀n dé ní ọdún 1978, nígbà tí orúkọ ìlú ti di Bẹ̀nẹ̀. Ológun Mathieu Kérékou ló wà lórí oyè láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, PRPB. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu. Rédíò ń jẹ́ Ohùn Ìyípadà, tí wọ́n ń fi Faransé pè ní La Voix de la Révolution. Olórí ń sọ̀rọ̀, ará ìlú ń gbọ́. Ta ló máa bi í ní ìbéèrè?

Àwa tí à ń gbé lẹ́bàá ààlà, ẹni tó bá ní tẹlifísọ̀n láàárín wa lè kọ áńtẹ́nì rẹ̀ sí apá Nàìjíríà. Ó ń rí àwòrán Èkó àti ti Abẹ́òkúta, ó sì ń gbọ́ èdè rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, kí wọ́n tó dìbò ọjọ́ 12, M. K. O. Abiola àti Bashir Tofa jókòó lórí tẹlifísọ̀n ìjọba Nàìjíríà, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, kálukú dáhùn. Ológun ló fagi lé ìbò náà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ lójú ayé kò ṣeé fagi lé.

Oṣù kejì ọdún 1990

Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀kùn ti ṣí kó tó dìgbà náà. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, nǹkan bí 500 ènìyàn péjọ sí Kútọnu fún àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló ṣe alága. Rédíò àti tẹlifísọ̀n gbé àpérò náà jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ará ìlú gbọ́ bí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ṣe dìde tó sì sọ fún ìjọba lójúkojú pé ohun tí ẹ ṣe yìí kò dára. Ní ọjọ́ tí àpérò parí, Kérékou gbà láti tẹ̀ lé ìpinnu wọn. Kò sí ìbọn tó dún.

Ìwé òfin tuntun jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990. Abala 142 dá HAAC sílẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó rédíò, tẹlifísọ̀n àti ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ àti ará ìlú ní àyè tó bá ara mu lórí rédíò àti tẹlifísọ̀n ìjọba. Ẹ rí i pé ohun tí wọ́n fi du Awólọ́wọ̀ ní 1953 ni òfin wa fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, òfin mìíràn gba àwọn aládàáni láàyè láti dá rédíò àti tẹlifísọ̀n sílẹ̀. LC2 bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Golfe TV àti Canal 3. Dépútè, mínísítà, olórin àti aláwàdà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níwájú akọ̀ròyìn.

Alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2016

Lọ́dún 2016, ènìyàn 33 ló fẹ́ jẹ ààrẹ. Ó ku méjì: Lionel Zinsou tó jẹ́ olórí mínísítà, àti Patrice Talon tó jẹ́ oníṣòwò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn lórí tẹlifísọ̀n ìjọba, ORTB, tó ti ń jẹ́ SRTB báyìí. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Bẹ̀nẹ̀. Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn láti ọdún 1960, láàárín Kennedy àti Nixon. Faransé ṣe tiwọn ní ọdún 1974. Tiwa náà dé. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni a dìbò, Talon sì wọlé pẹ̀lú ìbò tó tó 65 nínú 100.

Èdè wo ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Faransé ni. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Sakété, àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo, wọ́n rí ojú àwọn méjèèjì, wọ́n rí bí ẹnu wọn ṣe ń lọ. Ọmọ ilé-ìwé ló ń ṣe ògbufọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ohun tó yé ọmọ náà ló sọ, èyí tí kò yé e, ó fò ó. Ìbò ìyá náà àti ìbò ẹni tó gbọ́ Faransé jẹ́ ọ̀kan náà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ohun tí etí wọn gbọ́ kò dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀, òfin ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 40 ìwé òfin wa sọ pé dandan ni fún ìjọba láti fi àwọn èdè ìbílẹ̀ kọ́ ará ìlú ní ẹ̀tọ́ wọn, pàápàá lórí rédíò àti tẹlifísọ̀n. Àwọn rédíò àdúgbò bíi Alakétu ní Kétou ń gbìyànjú. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ìbò Nàgó jókòó, kí wọ́n bi í ní Nàgó, kó sì dáhùn ní Nàgó. Bí kò bá gbọ́ ọ, kó mú ògbufọ̀ tó dáńgájíá dání.

Ohun tí a lè ṣe

Ọ̀rọ̀ tẹlifísọ̀n dà bí afẹ́fẹ́: bó ti ń fẹ́ ló ń kọjá. Ìwé ló ń dúró. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 2016, Talon sọ fún ará ìlú pé sáà kan ṣoṣo lòun yóò lò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n gbé àbá òfin sáà kan lọ síwájú àwọn dépútè. Dépútè 60 gbà á, ṣùgbọ́n 63 ni wọ́n nílò. Ní ọdún 2021, Talon tún díje, ó sì wọlé. Ẹlòmíràn á ní ó yẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó gbìyànjú, àwọn dépútè ni kò gbà. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ ọ́, ìgbàgbé yóò bá a ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ mú káyé àti bíìkì yín. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: ìbéèrè wo ni wọ́n bi í? Ṣé ó dáhùn ún, àbí ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá? Kí ló ṣèlérí, ní ọjọ́ wo? Ẹ tọ́jú káyé náà. Ọjọ́ tí ẹni náà bá padà wá sí Sakété láti wá gba ìbò, ẹ ṣí i, kí ẹ kà á sí i létí. Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè kì í ṣe ti akọ̀ròyìn nìkan.