Owó Wúrà, Owó Ẹyọ àti Agbára Ìrajà ní Ilẹ̀ Yorùbá ní Ọ̀rúndún 19

Owó wúrà Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí sovereign, tí àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń wá kiri, wọn nǹkan bí gíráàmù 8. Wúrà gidi inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 7. Láti 1817 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, pọ́ùn kan, èyí tí í ṣe ṣílè 20, ni iye rẹ̀. Ìwọ̀n wúrà náà kò yí padà títí ọ̀rúndún náà fi parí. Síbẹ̀, ìwọ̀n yìí nìkan kò lè fi ohun tí ó lè rà ní ilẹ̀ Yorùbá hàn, nítorí pé owó ẹyọ ni ará ọjà fi ń ná ọjà.

Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, tí ó tó ẹrù alágbàárù kan. Ní 1851, Heinrich Barth rí i ní Kano pé 2,500 ẹyọ ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là fàdákà kan. Bí pọ́ùn kan ti tó bíi dọ́là márùn-ún, iye rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12,500 ẹyọ lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ẹgbàá kan ní ilẹ̀ Yorùbá kò ju nǹkan bí sísì kan lọ. Sísì 40 ni ó wà nínú pọ́ùn kan. Owó wúrà kan ṣoṣo wá di ọ̀kẹ́ mẹ́rin, 80,000 ẹyọ. Òótọ́ ni pé Kano jìnnà sí etíkun, owó ẹyọ sì lè níyì níbẹ̀ ju ti Èkó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn nìkan kò lè bí ìyàtọ̀ tí ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà.

Òwò epo ni ó fà á. Láti nǹkan bí 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì àti Faransé, ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg pẹ̀lú wọn, ń kó ẹyọ ńláńlá ti Zanzibar wá sí etíkun láti fi ra epo pupa. Ẹyọ kún ọjà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Àgbàdo kọjá, ní 1901, ṣílè àti sísì fàdákà ti ń gba ipò ẹyọ.

Nítorí náà, kì í ṣe pé agbára owó wúrà ga sí i. Owó ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni ó rẹ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀ tàbí ìyá olóko-òwò tí ó fi ọ̀kẹ́ ẹyọ pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan kò dín nínú rẹ̀. Olùwádìí tí ó bá fi wúrà nìkan díwọ̀n agbára ìrajà àtijọ́ yóò rí ọrọ̀ àwọn tí ó ní wúrà. Àdánù àwọn tí kò ní i kò ní hàn sí i.